Ráútà Tí Kò Rí Íntánẹ́ẹ̀tì Gbà: Ibi Tó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Wò

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákẹ́ nínú ilé, abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré wá, kí wọ́n lè fi tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ráútà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ihò yẹn máa ń pa gbogbo ètò inú ráútà rẹ́, títí kan orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè ti tẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e kalẹ̀. Bí ẹ kò bá sì ní wọn lákọsílẹ̀, ìṣòro kan ti di méjì nìyẹn.

Wi-Fi kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi ni ọ̀nà láti fóònù dé ráútà, íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà láti ráútà dé iléeṣẹ́ tí à ń sanwó fún. Láti mọ èyí tó dí, ẹ jẹ́ kí fóònù so mọ́ ráútà, kí ẹ tẹ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 sínú búráúsà (èyí tó jẹ́ ti ráútà yín sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀). Bí ojú ewé ráútà bá ṣí, Wi-Fi kọ́ ló dí, ẹ má wulẹ̀ da fóònù láàmú mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ráútà kúrò nínú iná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ sì wo ṣájà rẹ̀ dáadáa. Nílé wa ní Lágèèrè, ní Ilé-Ifẹ̀, gbogbo iná ráútà ń tàn, síbẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé ṣájà rédíò onífólíítì 9 ni ọmọ ilé kan ti fi rọ́pò ti ráútà tó jẹ́ onífólíítì 12.

Bí ó bá jẹ́ okùn fáíbà ni ẹ ń lò, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá nínú rẹ̀; ẹ wo iná tí wọ́n kọ LOS sí (ìyẹn ni pé àmì kò wọlé). Bí ó bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò dé láti ìta: okùn lè ti ṣẹ́ lábẹ́ àga tàbí kí wọ́n ti gé e lójú títì. Gíláàsì ló wà nínú okùn náà, nítorí náà ẹ má ká a pọ̀ jù, ẹ má sì fi ojú wo ẹnu rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ráútà onísíìmù, ẹ fi síìmù sínú fóònù, kí ẹ tẹ *323# láti mọ iye dátà tó kù. Bí dátà bá wà tí fóònù sì ń ṣiṣẹ́, ètò APN inú ráútà (orúkọ ọ̀nà tí síìmù ń gbà dé íntánẹ́ẹ̀tì) ni kí ẹ yẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní òkè méje ló yí Ifẹ̀ ká, ẹni tí ilé rẹ̀ sì wà ní kòtò yóò mọ̀ ọ́n lára, torí òkè máa ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ẹ gbé ráútà sún mọ́ fèrèsé.

Ní ti ẹ̀rọ orí òrùlé tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú òfuurufú, ìjì máa ń yí i kúrò lójú òpó tó dojú kọ. Ẹ rí i pé ihò WAN (èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ráútà) ni wáyà rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gun òrùlé.

Nígbà tí ẹ bá wá pe iléeṣẹ́ náà, ẹ sọ àwọ̀ iná tí ẹ rí àti wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀.