Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá fọ́ lójú eré: àṣìṣe tí àwa tí a ń sá drag fún fàájì máa ń ṣe

Lálẹ́ Ọjọ́rú kan ní Georgia, ọ̀rẹ́ mi kan gbé Mustang rẹ̀ sójú ìlà. Alẹ́ ìdánwò drag ni, eré tí ọkọ̀ ti ń sá lójú ọ̀nà tààrà láti mọ bó ṣe yá tó, irú èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ti san owó ẹnu ọ̀nà lè fi ọkọ̀ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ sá ìdámẹ́rin máìlì. Iná aláwọ̀ ewé tàn, ọkọ̀ fò. Ó ti kọjá ìdajì ọ̀nà dáadáa kí a tó gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín funfun sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú wa báyìí ni kò yọ ẹsẹ̀ lórí iná. Ìlà ìparí ti sún mọ́ ọn, ó sì fẹ́ fi alẹ́ yẹn yára ju bó ti ṣe rí lọ. Ọ́ìlì tó ń tú dà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ yí, ó lọ fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri.

Ó jáde fúnra rẹ̀, apá kan ṣoṣo ló bó. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà sókè lọ́jọ́ kejì, ihò tó wà lára bulọ́ọ̀kù, odindi ara ẹ́ńjìnnì, gba ìkúùkù mi wọlé-jáde.

Ẹ́ńjìnnì tí a bá ń fún lọ́rùn báyìí, ọjọ́ kan ni yóò fọ́. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni gbogbo ohun tó ti fojú fò kó tó dé ìlà, àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó fi ń lé ìlà ìparí lẹ́yìn tó ti gbọ́ ìró yẹn.

Ẹ má da ọ́ìlì tó ki bo nọ́ọ̀kì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ́ńjìnnì náà ti ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́ bó bá ṣíná rẹ̀ láàárọ̀. Ó da ọ́ìlì tó ki sí i, ohùn náà sì rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tòkunbọ̀ rí mọ ọgbọ́n yẹn. Ọgbọ́n ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ ni, ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ sáré kò gbọdọ̀ lò ó.

Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ má ju fílítà àtijọ́ nù. Ẹ gé e sí méjì, ẹ tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ iná. Bó bá ń dán yinrinyinrin, bíárìn, irin tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lé lórí, ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn, ẹ fi ọkọ̀ sílé. Ẹ sì wo ìwọ̀n ọ́ìlì kí ẹ tó lọ sójú ìlà, torí pé bí ọkọ̀ bá fò, gbogbo ọ́ìlì inú páànù á sá lọ sẹ́yìn. Bó bá dín, ẹnu pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́.

Ọ̀kan wà tó máa ń ya àwọn ẹni tuntun lẹ́nu. Wọ́n rò pé ìgbà tí a bá tẹ iná mọ́lẹ̀ nìkan ni kọ́nírọ́ọ̀dù, irin tó so pístìnì mọ́ ọ̀pá tó ń yí, ń jìyà. Bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kíkankíkan, pístìnì tó ń sáré lọ sókè kò ní ohun tó máa tì í padà mọ́. Kọ́nírọ́ọ̀dù ló máa fà á wálẹ̀, bóòtù kékeré méjì ló sì ń ru ẹrù yẹn. Bóòtù tí ẹ ti tú tí ẹ tún dì lẹ́ẹ̀mẹta ti lè nà ju bó ṣe yẹ lọ. Owó bóòtù tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bulọ́ọ̀kù. (Ẹni tó fẹ́ wọ jíà kẹrin tó wá bọ́ sí ìkejì, bóòtù tuntun ò ní gbà á.)

"Ọkọ̀ mi ò yá tó bẹ́ẹ̀"

Èyí ni mo ń gbọ́ jù bí mo bá dárúkọ ohun ààbò. NHRA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 tó ń darí ìdíje yìí ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin: ẹni tó bá sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú-àáyá 13.99 tàbí tó yá jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Láti 11.49, irin tó gba ẹ̀yìn orí awakọ̀ kọjá àti bẹ́lítì ìdíje. Láti 9.99, odindi àgò irin. Ọkọ̀ tó bá dé máìlì 150 ní wákàtí kan gbọ́dọ̀ ní párásúùtì. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan ní ìyọ̀ǹda tiwọn, nítorí náà ìwé òfin ọdún yìí ni kí ẹ kà, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan sọ lórí Facebook.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé títún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ṣètò lè sọ ọkọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 13 di ti 11 ní ọ̀sán kan, bẹ́lítì tí awakọ̀ fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé náà ló sì ṣì so mọ́ra.

Àṣíborí alùpùpù náà ń tan èèyàn. Ẹ wo àmì Snell, àjọ tó ń dán àṣíborí wò, tó wà nínú rẹ̀: M ni ti alùpùpù, SA ni ti ọkọ̀ ìdíje, tí aṣọ inú rẹ̀ kì í tètè gbaná. Bẹ́lítì ìdíje tí òǹtẹ̀ 16.1 ti SFI, àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ohun ààbò eré ọkọ̀, wà lára rẹ̀, ọdún 2 ló ní, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é la sì ti ń kà á. Ọjọ́ tí ẹ rà á ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ SFI 3.2A/1 sí lára á fún yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 kí iná tó bó awọ ara yín. 3.2A/5 á fún yín ní nǹkan bí 10. Ẹ wo aago, kí ẹ ka 3. Ẹ má sì wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù sábẹ́ rẹ̀, yíyọ́ ni irú aṣọ yẹn máa ń yọ́ mọ́ ara.

Bí ọkọ̀ yín bá ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹ má fojú kéré irin tó bo fulaìwíìlì, àgbá irin tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Ohun tó ń yí kíkankíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní March 1970, gíábọ́ọ̀sì fọ́ mọ́ Don Garlits, gbajúmọ̀ awakọ̀ drag, lẹ́sẹ̀ ní pápá eré Lions ní California, ó sì gé apá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kí 1971 tó parí, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, dípò iwájú rẹ̀, ló fi ń borí.

Lẹ́yìn "gbàù"

Ẹ yọ ẹsẹ̀. Ohun yòówù kí àkókò tí ẹ ń lé jẹ́. Bí a bá ń sunkún, a ṣì máa ń ríran: ẹ di sítíárìn mú tààrà, ẹ dúró sójú ọ̀nà tiyín, ẹ má gba iwájú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kọjá. Ẹ má tẹ bíréèkì gbì, torí ọ́ìlì lè ti wà lábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ dé òpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, sítíárìn á há mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ pa pọ́ǹpù epo náà. Pọ́ǹpù oníná kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ó lè máa bu epo fún iná lọ. Bí ẹ bá gbé bátìrì lọ sínú bùùtù, òfin ní kí súwíìṣì tó ń gé iná bátìrì wà lẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí àwọn adóòlà ẹ̀mí lè tètè rí i. Mo ti rí ẹni tó lẹ sítíkà bò ó kí ọkọ̀ lè gún régé.

Bó bá dúró, ẹ jáde. Ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, afẹ́fẹ́ ni iná ń wá. Ẹ má sì wà á padà pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń kán, kí ẹ má ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo èèyàn.

Kí ẹ tó sá rárá, ẹ lọ wo ibi tí ọ̀nà parí sí: ibi tí ẹ ó ti yà, ibi tí iyanrìn tó ń dá ọkọ̀ dúró wà. Awakọ̀ kan, Scott Kalitta, ti gba adé Top Fuel, ọ̀kan lára ìpele ọkọ̀ drag tó yá jù, lẹ́ẹ̀mejì. Ní June 21, 2008, ní Englishtown ní New Jersey, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bú gbàmù nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìlà ìparí. Ọkọ̀ náà kò dúró, ó ré iyanrìn kọjá, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni NHRA gé ọ̀nà àwọn ọkọ̀ Top Fuel àti Funny Car, tí wọ́n ń lo epo nitro tó lágbára gan-an, kù láti 1,320 ẹsẹ̀ bàtà sí 1,000.

Ọ̀rẹ́ mi ti gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí Mustang náà, ó sì ti ra bẹ́lítì ìdíje. Mo ní kó jókòó sínú rẹ̀ ní gáréèjì, kó so gbogbo nǹkan bí ọjọ́ eré, àṣíborí lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kó dijú. Ìyàwó rẹ̀ fi fóònù ka àkókò. Mo pariwo, "Iná!" Ìṣẹ́jú-àáyá 19 ló gbà á kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀. Ìbàdí ọ̀tún ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá lọ, níbi tí bẹ́lítì ilé iṣẹ́ ti máa ń wà. Ti ìdíje wà láàárín ikùn. Ó tún un ṣe títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀meje lálẹ́ yẹn. Ìkeje, 8. Ìyàwó rẹ̀ wo jákẹ́ẹ̀tì oní-3 tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní kó lọ dá a padà síbi tó ti rà á.