Bí Mo Ṣe Wọn Ìyára Ojú Mi

Ní Sátidé tó kọjá, mo kọ kóòdù díẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi, kí n lè mọ bí àkókò tí ojú mi ń fẹ́ kó tó rí nǹkan ṣe kéré tó. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Douglas Vickers, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé irú ìdánwò yìí jáde ní Adelaide, ní Ọsirélíà, lọ́dún 1972.

Àwòrán náà ò le rárá: ìlà kan dùbúlẹ̀ lókè, ẹsẹ̀ méjì sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀kan gùn ju èkejì. Á yọ fìrí, á pòórá, wàá sì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ. O lè rò ó títí kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ojú là ń wọ̀n, kì í ṣe ọwọ́.

Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, èyí tó kúrú jù tí kọ̀ǹpútà mi lè fi hàn jẹ́ bí ìpín 17. Nígbà àkọ́kọ́, mo gba gbogbo rẹ̀ níbẹ̀! Ó fu mí lára. Àṣé mi ò fi nǹkan bo àwòrán náà: bó bá ti kúrò, òjìji rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́ kù lójú, òun ni mo ń wò. Mo wá fi ìlà méjì tó nípọn, tó rí kọ́lọkọ̀lọ bíi mànàmáná, bò ó lójú ẹsẹ̀. Ní 17, mo kàn ń méfò ni. Ìgbà tó di 50 ni mo tó ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Àbúrò mi jókòó, ó sì ń gbà á ní 33. “Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ò rí i ni? Ẹsẹ̀ tó kúrú ń fò wálẹ̀!” Òótọ́ ni, bí ìbòrí bá dé, ẹsẹ̀ kúkúrú á dà bí ẹni nà. Ìrìn ló ń wò, kì í ṣe gígùn, mo bá pa èsì rẹ̀ tì.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Kranzler àti Jensen, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí irú ìdánwò yìí jọ lọ́dún 1989. Bí 1 bá jẹ́ ìbáramu pátápátá, ìyára ojú àti máàkì ìdánwò òye bára mu dé nǹkan bí 0.3, ó sì tó 0.5 lẹ́yìn àtúnṣe ìṣirò. Ìyẹn pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó láti fi pe ọmọ ẹnikẹ́ni ní olódo.

Lálẹ́, nígbà tí oorun ti ń kùn mí, mo tún un ṣe. 50 tó tó mi lọ́sàn-án ò tó mọ́. Ó di 67.