Ẹ má tíì ra mọ́tò: àṣìṣe àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan turntable rélùwéè kékeré

Turntable ni afárá tó ń yí nínú kòtò roboto, tí wọ́n fi ń yí orí ẹ́ńjìnnì rélùwéè padà tàbí kọjú ẹ̀ sí ojú irin mìíràn; ti rélùwéè kékeré tí à ń kàn nílé fún ìgbádùn ni mò ń sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan gbé páálí wá bá mi ní Kubwa, l'Abuja. Stepper motor (mọ́tò tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀) wà nínú ẹ̀, Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí mọ́tò) wà níbẹ̀, wáyà aláràbarà, rìmóòtù, àti gílóòbù tín-ín-tìn-ìn-tín mẹ́fà tí yóò máa tàn yí kòtò ká. "Ẹ̀gbọ́n, turntable mi ò gbọ́ràn." Mo ní kó yọ mọ́tò kúrò, kó fọwọ́ yí i. Ni afárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bàtá. Mo dojú ẹ̀ dé. Ìṣó ló fi ṣe àárín! Ìṣó onínṣì mẹ́ta, nínú ihò tó ti fẹ̀ jù ú lọ. Ó ti ná ju 60,000 náírà lórí ohun tó ń yí afárá, kò ná kọ́bọ̀ lórí ohun tí afárá dúró lé. Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà ni mo fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí, kó má bínú.

1. Àárín. Ojú irin tí àlàfo àárín irin méjèèjì ẹ̀ jẹ́ mílímítà 16.5 la ń lò. Bí ojú irin orí afárá bá fi ìdajì mílímítà péré yẹ̀ sí tòde, táyà ẹ́ńjìnnì lè já bọ́. Ẹ ra béárìn 608 méjì, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ bàtà onítáyà àwọn ọmọdé: ihò inú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 8, ìta ẹ̀ jẹ́ 22. Ẹ fi ọ̀kan sókè, ẹ fi èkejì sísàlẹ̀, kí ọ̀pá kan gba inú méjèèjì kọjá. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣe é, afárá ẹ̀ yóò máa fì. Bí ẹ bá sì rí fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ti kú lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, ìlù kékeré tó ń yí nínú ẹ̀ dáa ju béárìn tí ẹ máa rà lọ. Ẹ fọwọ́ yí afárá. Bí kò bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ariwo, ẹ má tíì dárúkọ mọ́tò.

2. Igi. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Oṣù kẹjọ ni mo ṣe tèmi àkọ́kọ́, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo ra pákó ní Dei-Dei, mo gbé e lọ bá káfíńtà kan ní Kugbo kó so wọ́n pọ̀, kó gé kòtò roboto fún mi. Ó wo pákó, ó ní, "Ọ̀gá, igi yìí ò tíì gbẹ o." Mo ní kó ṣe iṣẹ́ tí mo gbé fún un. Kòtò náà fẹ̀ tó mílímítà 320, afárá gùn tó 318, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń pe ará àdúgbò wá wò ó.

Ọyẹ́ wá dé. Ní oṣù kìíní, àwọn àna mi wá kí wa tọmọtọmọ. Mo kó gbogbo wọn jọ, mo tẹ bọ́tìnnì. Afárá yí díẹ̀, ó ha. Mọ́tò ń ké, òórùn jíjó gba pálọ̀. Mo ní mọ́tò ni kò dáa, mo ra òmíràn. Òun náà ké. Ìgbà kẹta ni mo tó rántí pé mo ní rúlà: gígùn kòtò ṣì jẹ́ 320, ìbú ẹ̀ ti di 316. Kòtò roboto mi ti di ẹyin! Pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì lóòró bó bá ń gbẹ, ìbú ló ti ń sún kì, ọyẹ́ Abuja kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Mọ́tò méjì ni mo fi san owó ọ̀rọ̀ tí káfíńtà sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Marine board ni kí ẹ lò, nítorí pé wọ́n to ìpele igi inú ẹ̀ dábùú ara wọn ni, kò lè sún kì sápá kan. Ẹ kun fáníìṣì sí ojú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ àti etí ihò. Etí ihò ni gbogbo yín máa ń gbàgbé.

3. Ẹ wọn ẹ́ńjìnnì tó gùn jù tí ẹ ní, láti táyà àkọ́kọ́ dé táyà ìkẹyìn ọkọ̀ eédú ẹ̀yìn ẹ̀, kí ẹ tó gé kòtò.

4. Iná. Bí afárá bá yí ìlàjì, irin ọ̀tún ti di tòsì, pọ́sítíìfù pàdé nẹ́gétíìfù, iná kú. Ẹ fi bàbà ṣe òrùka sábẹ́ afárá, kí ẹ gé e sí méjì: yóò máa pààrọ̀ iná fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé kọjú sí ibi tí ojú irin kankan kò ti wọlé. Ẹni tó bá ń lo DCC (ètò tó ń fi àmì inú iná ojú irin darí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan) lè ra auto-reverser, ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù fúnra ẹ̀, kó sì sinmi. Súwíìṣì ni èmi fi ń yí tèmi padà fún ọdún méjì, mi ò rántí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí kí iná tó kú.

Ẹ ò sì nílò turntable rárá bó bá jẹ́ Idu sí Rigasa, ọ̀nà rélùwéè Abuja sí Kaduna, lẹ̀ ń ṣe. Ọdún 2016 ni ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dísù ló ń fà á, dísù lè lọ kó sì fẹ̀yìn bọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì eléèédú ayé àtijọ́ ni wọ́n ń yí lórí padà.

Ó dáa, mọ́tò wá kàn. Ẹnì kan lo mọ́tò fáànù. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fò wọ ìsàlẹ̀ àga. Stepper motor kékeré tí wọ́n ń pè ní 28BYJ-48 kò wọ́n, nǹkan bí ìṣísẹ̀ 2,048 ló fi ń yí ká lẹ́ẹ̀kan. Lórí afárá mi, ìṣísẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílímítà létí, ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa ìdajì mílímítà. Ẹ fi jíà sí i kó lè rọra yí. Eyín jíà kì í sì í há mọ́ra dáadáa, nítorí náà apá kan ṣoṣo ni kí afárá ti máa wá bá ojú irin nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ apá kejì ló ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá díẹ̀ kó tó padà.

Eruku ọyẹ́: spírítì àti aṣọ funfun, lára òrùka bàbà náà o.

Tèmi tó wà nílẹ̀ báyìí ń ṣiṣẹ́. Ojú irin kẹfà nìkan ló ṣì yà díẹ̀. Ìka ni mo fi ń tì í.