Ẹni tí kò ríran náà fẹ́ ra òfì: bí ẹ ṣe máa tún mẹ́nù wẹ́bsáìtì yín ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe wẹ́bsáìtì fáwọn èèyàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, ibí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Special, ilé ìwé àwọn olùkọ́ tó ń gba àwọn tí kò ríran náà, wà látọdún 1977, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran kì í ṣe àlejò láàárín wa, a jọ ń nájà l'Akẹ̀sán ni. Ọ̀kan nínú wọn jókòó tì mí, ó ṣí wẹ́bsáìtì tí mo ṣe fún ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì, ó ń fi NVDA gbọ́ ọ, ìyẹn sọ́fítíwíà tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí. Ó tẹ Tab, ìyẹn bọ́tìnnì tó máa ń gbéni látorí líǹkì kan sí òmíì, ó tún tẹ Tab, ìgbà 23 kó tó kan iye owó aṣọ àkọ́kọ́. Ó bọ́ sí ojú ìwé kejì, ó tún di orí lógò padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ará ilé ni mo máa kí kí n tó wọ yàrá ni?"

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe nìyí o: ẹ fi líǹkì kan ṣáájú gbogbo nǹkan, "Fò lọ síbi ọjà," kó lọ tààrà síbi tí main, ìyẹn ohun tó wà lójú ìwé gan-an, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi pamọ́ títí Tab á fi dé orí ẹ̀, àmọ́ ẹ má fi display:none, àṣẹ CSS tó ń yọ nǹkan kúrò pátápátá, pa á mọ́ o, torí NVDA náà ò ní rí i mọ́.

Mẹ́nù gan-an, inú nav, àmì HTML fún mẹ́nù, ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ sì tò ó sínú ul, àmì fún àtòkọ, ìyẹn ló máa jẹ́ kẹ́ni tó ń gbọ́ mọ̀ pé nǹkan márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń ṣí mẹ́nù tó sì ń pa á dé lórí fóònù, button ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo div lásán, ìyẹn àpótí tí kò níṣẹ́ kan pàtó, torí Tab máa ré e kọjá ni. Ẹ fi aria-expanded, àmì tó ń sọ fún NVDA bóyá mẹ́nù ti ṣí, sí i, kó máa di true tó bá ti ṣí. Èmi ò fi í sí tèmi, ọmọ yẹn tẹ̀ ẹ́, mẹ́nù ṣí lójú tèmi, kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún tẹ̀ ẹ́, ló bá pa dé.

Ẹ yé kọ "click here" kiri. Insert pẹ̀lú F7 ló máa ń kó gbogbo líǹkì jọ sójú kan nínú NVDA, tó bá wá jẹ́ "click here" mẹ́wàá ló tò síbẹ̀, èwo ni kó mú? Ẹ kọ "Wo iye owó òfì." Àkọlé náà, h1, h2 ni o, kì í ṣe lẹ́tà gàdàgbà lásán, torí H ni wọ́n ń tẹ̀ láti fò látorí àkọlé kan sí òmíì. Àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa náà wà ńbẹ̀, ẹ má yọ outline kúrò, ìyẹn ìlà tó máa ń yí ohun tí Tab bá wà lórí ẹ̀ ká, kí ìyàtọ̀ àwọ̀ lẹ́tà sí ẹ̀yìn ẹ̀ má sì kéré ju 4.5 sí 1 lọ.

Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ẹ wà á sórí Windows, ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa iná ojú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ gbìyànjú àtira ọjà nínú wẹ́bsáìtì tiyín. TalkBack ni èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ NVDA lórí fóònù Android, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa pa á kẹ́ ẹ tó tàn án.

Ìgbà tí mo tún tèmi ṣe tán, Tab kan, Enter kan, ó ti dé ìdí ọjà. Ó gbọ́ iye owó, ó wá bi mí pé, "Ṣé sányán ni àbí àlàárì?" Fọ́tò aṣọ yẹn gan-an ni líǹkì, mi ò kọ nǹkan kan sí alt ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú fọ́tò, nọ́ńbà fọ́tò ni NVDA ń kà fún un. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Àlàárì pupa, ìlà funfun létí."