Ipò kan, ènìyàn márùn-ún: bí mo ṣe ka nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ wa

Oṣù karùn-ún kò tíì parí tí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nọ́ọ̀sì onígbà díẹ̀ fún odidi ọdún fi tán pátápátá. Wọ́n pè mí sí ìpàdé, wọ́n tẹ́ ìwé ìnáwó síwájú mi, ọ̀gá ètò ìnáwó sì ní, "Nọ́ọ̀sì méjìdínlógún ló wà ní wọ́ọ̀dù yẹn. Kí lẹ tún ń gba ènìyàn kún un sí?" Inú bí mi gan-an. Èmi ni mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé ìwòsàn náà, mo mọ̀ pé òru tí mátróònù kì í pè mí pé ènìyàn ò pé kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní iye kan pàtó lọ́wọ́ tí mo lè fi dá a lóhùn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ní n ó ka iṣẹ́ wọ́ọ̀dù náà bó ṣe yẹ kí wọ́n kà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní WISN (Workload Indicators of Staffing Need), tí wọ́n fi ń ṣírò iye òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ń fẹ́. Ọdún 1998 ni ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010. Iṣẹ́ ni ọ̀nà yìí ń kà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Wákàtí mélòó ni iṣẹ́ ń gbà lọ́dún? Wákàtí mélòó ni ẹnì kan lè fi ṣiṣẹ́ lọ́dún ní tòótọ́? Ẹ fi ti kejì pín ti àkọ́kọ́, iye ènìyàn tẹ́ ẹ nílò ti jáde.

Bí mo ṣe gba àṣẹ àti bí mo ṣe kó ìgbìmọ̀ jọ, n kò ní fi dá yín dúró. Ìwé ìsinmi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kéèyàn tó mọ wákàtí tí nọ́ọ̀sì kan lè ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gbogbo ọjọ́ tí kò ní sí níbi iṣẹ́. Mo rò pé ọjọ́ kan ni n ó fi rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà mí. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ń kọ ìsinmi sí, kò sì sí méjì tó bára mu. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tèmi, kìkì fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fọwọ́ sí ló ń wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń san owó oṣù, ìsinmi tí kò lówó nínú nìkan ni wọ́n ń kọ. Ti wọ́ọ̀dù ni ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí mátróònù fi bándéèjì dì pa pọ̀, bírò pupa ni wọ́n sì fi ń kọ "kò wá" síwájú orúkọ. Kò wá nítorí kí ni? Àìsàn ni, àbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àbí wọ́n pààrọ̀ ṣíìfù láàárín ara wọn? Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó ti ìwé yẹn lẹ́yìn iṣẹ́, tí mò ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka owó oṣù fún orúkọ lásán. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní àṣírí ni. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù mìíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ń mójú tó o wà ní ìsinmi, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó kó ìwé sí. Ọ̀rọ̀ náà sú mi dé góńgó. Àwọn aláìsàn ń dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù, àwa ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la lórí orúkọ méjìdínlógún!

Nígbà tí ìwé náà dé, mo gbé e lọ bá mátróònù. Ó gbé gíláàsì sójú, ó fi ìka tẹ̀ lé orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Eléyìí ti lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ láti ọdún tó kọjá. Eléyìí wà nílé ẹ̀kọ́, ó ṣì ń gbowó oṣù. Ẹ̀yìn ń ro eléyìí, ibi ìforúkọsílẹ̀ aláìsàn ni wọ́n gbé e lọ. Eléyìí ti rìnrìn àjò, ọ̀gá. Lẹ́tà tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín." Mo lọ wo fáìlì mi. Òótọ́ ni, ó ti pé oṣù méjì níbẹ̀. Ojú tì mí. Méjìdínlógún di mẹ́rìnlá.

Ìṣirò fúnra rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 260 lọ́dún. Mo yọ 20 fún ìsinmi ọdọọdún, 10 fún ìsinmi gbogbogbò, 5 fún àìsàn, 5 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó ku 220. Ní wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ó di wákàtí 1,760. Wákàtí 8,760 ló sì wà nínú ọdún. Nítorí náà, ipò kan tí kò gbọ́dọ̀ ṣófo tọ̀sán-tòru ń fẹ́ ènìyàn márùn-ún! Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ la ti ń ka mẹ́rin: ti òwúrọ̀, ti ọ̀sán, ti òru, àti ẹni tó ń sinmi.

Ipò mẹ́rin ló wà ní wọ́ọ̀dù náà, ìyẹn ogún ènìyàn. Mo fi han mátróònù tayọ̀tayọ̀. Ó wò ó, ó ní, "Ìgbà tá a bá ń fa aláìsàn lé ara wa lọ́wọ́ ńkọ́?" Ààbọ̀ wákàtí ni, nígbà mẹ́ta lójúmọ́, tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó kà á rí. Fún ipò mẹ́rin, wákàtí 2,190 ni lọ́dún, ó ju iṣẹ́ odidi ènìyàn kan lọ. Ogún di mọ́kànlélógún. Mẹ́rìnlá tá a ní, ẹ fi mọ́kànlélógún pín in: 0.67. Nínú WISN, 1 ló túmọ̀ sí pé ènìyàn tó iṣẹ́.

Mo gbé e padà sí ìpàdé pẹ̀lú ìwádìí tí Linda Aiken àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2002. Wọ́n rí i pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó bá kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan ń fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu pé ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún á kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni tiwa. Ẹnikẹ́ni ò tún bi mí pé kí la ń gba ènìyàn sí.

Bó bá jẹ́ pé mo tún un ṣe ni, ìwé ẹlẹ́yìn yíya yẹn ni n ó kọ́kọ́ ṣí, ẹ̀ka owó oṣù á sì gbẹ̀yìn. Iye ọjọ́ àìsàn tó wà lórí fọ́ọ̀mù, ẹ má gbà á gbọ́. Ìdajì ohun tí mo rí nínú bírò pupa ni. Kí ẹ sì tó ka ẹnikẹ́ni mọ́ wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí mátróònù fi ìka kan orúkọ rẹ̀.

Nínú méje tí mo béèrè, mẹ́rin ni wọ́n fọwọ́ sí. Ṣáájú, òru méjìlélógún la ń gba onígbà díẹ̀ lóṣù. Lóṣù kejì tí àwọn mẹ́rin náà wọlé, ó di mẹ́sàn-án. Lẹ́tà àwọn mẹ́ta tó kù ti wà lórí tábìlì ọ̀gá ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Mò ń lọ béèrè rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.