Fóò-wíìlì kì í bá yín tẹ bíréèkì: àwọn àṣìṣe tí a ń ṣe lórí táyà wíńtà

Oṣù kọkànlá ò tíì parí lọ́dún yìí tí wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ táyà ní apá àríwá Minneapolis, ní Amẹ́ríkà. Jíìpù fóò-wíìlì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ló ni méjì nínú wọn. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Owó gọbọi lẹ fi ra ọkọ̀, ẹ wá ń ṣọ́ dọ́là ná lórí ohun kan ṣoṣo tó ń kan ilẹ̀ lára rẹ̀, ìyẹn táyà. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà tàbí bí wọ́n ṣe ń ka sáìsì rẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Ibi tí owó yín ń gbà ṣòfò ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, gbígbà pé fóò-wíìlì ti tó.

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. “Bọ̀dá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọkọ̀ mi fi ń fà, kò nílò táyà wíńtà.” Láti oṣù kẹwàá títí dé Kérésì ni mo ń gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́: iṣẹ́ fóò-wíìlì ni kó pín agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọkọ̀ lè gbéra. Ó parí síbẹ̀. Tí ẹ bá ti tẹ bíréèkì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí kò ní fóò-wíìlì náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń dúró bíi tiyín. Rọ́bà tó fara kan ilẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ló ń dá ọkọ̀ dúró, òun náà ló ń mú un yà. Jíìpù sì wúwo ju ọkọ̀ kékeré lọ. Tí nǹkan tó wúwo bá ti ń yọ̀ lọ, àtidá a dúró ò rọrùn.

Ó tún máa ń tan èèyàn jẹ. Ọkọ̀ kékeré á kọ́kọ́ yí ẹsẹ̀ lásán níwájú ilé, ẹni tó ń wà á á ti mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀. Jíìpù á gbéra wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ gbẹ. Ìgbà tí ẹ bá dé ìdí iná pupa lẹ tó máa mọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Wíńtà mi kejì ní Minnesota, mo ra jíìpù àlòkù kan, mo ní mo ti bọ́ nìyẹn. Ìyàwó mi ní ká ra táyà, mo ní ká fi owó náà ránṣẹ́ sílé. Àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù kìíní, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òpópónà I-694 ní Brooklyn Center. Mi ò sáré. Mo tẹ bíréèkì, ó ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, eré ọkọ̀ ò sì dín kù. Mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ọkọ̀ ń lọ tààrà. Mò ń wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú, ó ń tóbi sí i, ọmọ wa ń kọrin lọ́wọ́ ẹ̀yìn. A gbá a. Kò sẹ́ni tó fara pa, mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní. Ṣùgbọ́n bọ́ńpà, rédíétọ̀ àti iná iwájú méjèèjì ló lọ, owó tí mo fi tún wọn ṣe sì ju owó táyà wíńtà mẹ́rin tuntun lọ. Ojú tì mí níwájú ìyàwó mi. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè dákẹ́ tí mo bá rí ẹni tó fẹ́ ṣe bíi tèmi.

Ìkejì, kíka M+S sí táyà wíńtà. Lẹ́tà M+S tó wà lára táyà all-season, èyí tí wọ́n ń lò yípo ọdún, ń sọ bí wọ́n ṣe to eyín táyà náà ni, pé àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ fẹ̀ tó fún ẹrẹ̀ àti sínóò. Kò dìgbà tó bá yege ìdánwò kankan lórí sínóò kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀. Àmì tó yẹ kí ẹ máa wá ni òkè onígóńgó mẹ́ta tí wóró sínóò wà láàárín rẹ̀. Láti 1999 ni àmì náà ti wà, táyà tó bá sì ní in ti fi hàn pé òun lè gbéra lórí sínóò tí wọ́n ti kì mọ́lẹ̀. Jámánì pàápàá ò gba M+S nìkan mọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Síbẹ̀, ìdánwò àmì yẹn kì í ṣe ti dídúró lórí yìnyín, nítorí náà kí ẹ má rò pé gbogbo táyà tó ní in ló jẹ́ ẹgbẹ́ táyà wíńtà gidi.

Rọ́bà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Tí ojú ọjọ́ bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi Fahrenheit 45 lọ, ìyẹn Celsius 7, rọ́bà táyà lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ẹ dán an wò fúnra yín. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òtútù bá mú gan-an, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ eyín táyà yín. Ti all-season á le bíi pákó. Ti wíńtà á ṣì gba èékánná díẹ̀. Ẹ wá wo ojú táyà wíńtà náà dáadáa: ìlà tín-ín-tín-ín ló kún ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí i. Bí táyà ṣe ń tẹlẹ̀ ni gbẹ́rẹ́ yẹn ń là, etí wọn ló sì ń di ilẹ̀ mú. Sínóò tó bá há sáàárín eyín rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa yọ ọ́. Sínóò ló ń di sínóò mú, bí àwọn ọmọdé ṣe ń tẹ̀ ẹ́ di bọ́ọ̀lù.

Ìkẹta, ríra méjì péré. Tí ẹ bá fi méjèèjì síwájú, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ gba iwájú lọ ní kọ́nà. Tí ẹ bá fi wọ́n sẹ́yìn, ọkọ̀ ò ní fẹ́ yà. Ti fóò-wíìlì tún ní ìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀: táyà tuntun ga ju èyí tó ti jẹ lọ, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn ò ní máa yí bákan náà, jíà tó so wọ́n pọ̀ á máa bá ara rẹ̀ jà títí á fi gbóná. Mo ti bá àbúrò kan tú irú jíà bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì inú rẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná, ọmọkùnrin náà kàn ń wò ó ni, kò lè sọ̀rọ̀. Nítorí pé ó fẹ́ yọ owó táyà méjì.

Táyà ẹrẹ̀ eléyín gbàǹgbà-gbàǹgbà: ó dùn ún wò, ó sì wúlò nínú ẹrẹ̀ àti sínóò tó jìn, àmọ́ kò ní gbẹ́rẹ́ tó lójú, yìnyín tó ń dán á fi í ṣeré.

Táyà tí wọ́n kan ìṣó mọ́: òfin Minnesota ò gbà á fún àwa tí à ń gbé ibẹ̀.

Ríìmù ńlá náà wà níbẹ̀. Ẹ bọ́ ríìmù íǹṣì 20 yẹn sílẹ̀ fún ìgbà ooru. Tí bíréèkì ọkọ̀ yín bá gba ríìmù 17, ẹ ra táyà tó tín-ín-rín díẹ̀ tí gíga rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Táyà tín-ín-rín ń gé sínóò wọlẹ̀, èyí tó fẹ̀ ń gun orí rẹ̀. Owó rẹ̀ sì kéré sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù, mo mọ̀ pé ojú wa ti mọ́ ọn láti ilé, a ti ra táyà tòkúnbọ̀ títí, eyín nìkan la máa ń wò. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọlé DOT tó wà lára táyà ló ń sọ ọ́: 1417 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2017. Rọ́bà tó ti gbó ti le, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó. Òfin lè gbà yín láyè títí dé eyín 2/32 íǹṣì, sínóò ò ní gbà yín láyè. Tí kò bá ti tó 6/32 mọ́, ẹ má fi wọ wíńtà.

Atẹ́gùn ńkọ́? Bí ojú ọjọ́ bá fi Fahrenheit 10 lọ sílẹ̀, atẹ́gùn táyà á fi bíi 1 PSI dín, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe èyí tó wà lára táyà. Ti ara táyà ni òpin atẹ́gùn tí táyà lè gbà. Ẹni tó bá sì ń yọ atẹ́gùn kúrò kí táyà lè di ilẹ̀ mú, orí iyanrìn ló ti kọ́ ìyẹn, ẹ má ṣe é lórí òpópónà I-94.

Oṣù kẹwàá ni kí ẹ ra táyà. Ọjọ́ tí sínóò àkọ́kọ́ bá já, sáìsì yín lè ti tán. Oṣù kẹrin ni kí ẹ bọ́ ọ, torí ooru ń jẹ rọ́bà rírọ̀ yẹn bí ìgbà tí èèyàn fi sáńdípépà ha á. Tí wọ́n bá sì ti dè é tán, tí ẹ ti fi rin máìlì 50, ẹ padà wá kí a tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò. A kì í gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn, síbẹ̀ ẹyọ kan nínú yín ò wá rí.