Ajá Ń Họra, Ẹ Ń Pààrọ̀ Oúnjẹ: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Iṣẹ́ Náà Jẹ́

Ajá tó ń họra tọ̀sán-tòru máa ń sú ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í bèèrè ohun tó fà á tí wọ́n fi ń sáré di ẹ̀bi ru adìẹ inú abọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń sọ ni pé kí ajá jẹ kìkì oúnjẹ tí kò jẹ rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ká lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ń mú ara yún un. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ awọ wò. Yọ̀rọ̀, eégbọn àti kòkòrò inú awọ ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ajá tí itọ́ yọ̀rọ̀ kì í bá lára mu sì lè họra títí ìdí ìrù rẹ̀ yóò fi pá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yọ̀rọ̀ díẹ̀ ló bù ú jẹ. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, kó ha awọ rẹ̀ díẹ̀ wò, kó sì yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má sì tẹ̀lé ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì ti yọ dànù pa á lára. Ajá á lá a, májèlé sì ni.

Ìgbà wo wá ni kẹ́ ẹ fura sí oúnjẹ? Bí ara yíyún náà kò bá mọ òjò, tí kò mọ ọyẹ́, tó jẹ́ ẹsẹ̀, etí, abíyá, ikùn àti ìdí ló ń yọ ajá lẹ́nu. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ ya ọmọ ìka rẹ̀ sọ́tọ̀: bó bá jẹ́ ajá funfun, ẹ óò rí i pé irun tó wà láàárín wọn ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Itọ́ rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń lá a ṣáá. Etí á máa rùn, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, á san, á tún padà wá. Ìgbẹ́ àwọn mìíràn kì í dì, wọ́n sì máa ń yàgbẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lóòjọ́.

“Kò lè jẹ́ adìẹ, adìẹ ló ti ń jẹ látìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá.” Gbogbo ènìyàn ló ń sọ èyí, òdì sì ni. Ohun tí ajá ń jẹ lójoojúmọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ fura sí, nítorí ara gbọ́dọ̀ ti bá oúnjẹ kan pàdé, nígbà mìíràn fún ọdún bíi mélòó kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Àwọn oníwádìí kó àkọsílẹ̀ ajá 297 tí oúnjẹ ń bá jà jọ lọ́dún 2016: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ara 34 kọ ẹran màlúù, ara 17 kọ mílíìkì àti àwọn ìbátan rẹ̀, ara 15 kọ adìẹ, ara 13 kọ wíìtì. Ẹ wo abọ́ ajá tiyín: egungun adìẹ, ẹran màlúù tó ṣẹ́kù nínú ọbẹ̀, búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì. Kí ló kù?

Àwọn kan á wá máa pààrọ̀ àpò oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Owó wọn ló ń lọ. Wọ́n á kọ “àgùntàn” gàdàgbà síwájú àpò, ẹ yí i padà, ẹ óò rí ọ̀rá adìẹ àti wíìtì lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ẹran tí ajá náà kò jẹ rí lẹ nílò. Ẹja kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú wa, torí orí ṣáwá àti pańlá ni ọ̀pọ̀ ajá fi dàgbà. Tòlótòló bá adìẹ tan, ewúrẹ́ àti àgùntàn náà sì sún mọ́ màlúù jù fún mi. Ehoro àti ọ̀dùnkún ni èmi máa ń dábàá, wọ́n kò wọ́n jù, omi lásán la ó sì fi sè wọ́n. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè bèèrè lọ́dọ̀ dókítà fún oúnjẹ tí wọ́n ti gé purotéènì inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi tí ara kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bà jẹ́ kò sí nínú abọ́ rárá. Ọwọ́ àwọn ará ilé ló wà. Ìyálé ilé ti ra ehoro, ó ti sè é, ó ti wọ̀n ọ́n, àmọ́ máígáàdì ń já àkàrà sọ sí ajá láàárọ̀, ọmọ kékeré ń fún un ní bisikíìtì lábẹ́ tábìlì, màmá àgbà sì ní “òkèlè kan péré kò lè pa á.” Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Òkèlè kan yẹn tó láti mú kí ara yún un fún ọjọ́ púpọ̀. Máàgì wà lára ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni edé lílọ̀, omi ọbẹ̀, oúnjẹ ológbò, ààtàn ilé kejì, àti oògùn aràn tí wọ́n fi adùn ẹran sí kí ajá lè jẹ ẹ́ wọ̀ọ̀. Ẹ pe gbogbo ilé jọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn sọ fún máígáàdì pé kó má fún un ní nǹkan, torí kò ní gbà. Ẹ gé ẹran ehoro tí ẹ ti yan gbẹ sínú ike, kẹ́ ẹ gbé e fún un lẹ́nu géètì, kó máa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kí ajá fi jẹ oúnjẹ tuntun náà o. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ara á ti ń tu ju 80 lọ nínú 100 ajá tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń bá wọn jà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ju 90 lọ. Ẹni tó bá jáwọ́ lọ́jọ́ kẹwàá kò tíì dán nǹkan kan wò. Bí ajá bá sì ń gba abẹ́rẹ́ prednisolone, oògùn tó ń dá ara yíyún dúró, lásìkò náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú oúnjẹ àti abẹ́rẹ́. Dókítà lè fún un ní oògùn ara yíyún níbẹ̀rẹ̀, kó sì wo egbò tàbí etí tó ti kẹ̀, ṣùgbọ́n ajá gbọ́dọ̀ fi oògùn ara yíyún náà sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà tó pé.

Bí ara bá wá tù ú, inú gbogbo ayé á dùn, kò sí ẹni tó máa fẹ́ gbọ́ ohun tó kù: ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà. Mo mọ̀ pé ó dun èèyàn. Àmọ́ bí ara yíyún bá padà wá láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì tún rọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, ìgbà náà ni ẹ tó mọ̀ pé oúnjẹ ni. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, màlúù nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn rẹ̀ adìẹ nìkan, títí ẹ ó fi mú ọ̀daràn náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, itọ́ tàbí irun tí wọ́n ń polówó kiri kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún yín. Ajá tí ara rẹ̀ le pàápàá, wọ́n lè kọ ohun mẹ́wàá sílẹ̀ fún un.

Ehoro àti ọ̀dùnkún kì í ṣe oúnjẹ tí ajá lè máa jẹ títí lọ. Kò sí kálísíọ̀mù tó tó nínú rẹ̀. Àgbà ajá lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n egungun ọmọ ajá tó ń dàgbà lè rọ̀, kó tẹ̀, kódà kó ṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe é fún un láìjẹ́ pé dókítà ti sọ ohun tí ẹ ó fi kún un. Ẹ má sì fi egungun sísè dí àlàfo náà, torí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Àlùbọ́sà àti áyù, ẹ jẹ́ kó mọ nínú ìkòkò tiyín, torí wọ́n máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.